"Ṣé àìnígbàgbọ́ ìyá mi ni ò jẹ́ kí wọ́n dìde?" Ìdáhùn lórí àwọn ìtàn ìwòsàn inú Ìhìn Rere

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi lọ́dún tó kọjá, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo fẹlóṣíìpù ló ti gbàdúrà fún wọn. Ní báyìí àwọn kan ti ń sọ ọ́ sí wọn létí pé ìgbàgbọ́ wọn ni ò tíì pé, pé ṣebí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ kàn fọwọ́ kan aṣọ Jésù ni tó fi sàn, pé kí ló wá dé tí tiwọn fi pẹ́ tó báyìí. Látìgbà náà ni màámi ò ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dáadáa mọ́, abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti rí i. Wọ́n ní táwọn bá ṣì ń lo oògùn, ó túmọ̀ sí pé àwọn ò gba Ọlọ́run gbọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni àwọn ìtàn ìwòsàn yẹn ń sọ gan-an? Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá gbàgbọ́ dáadáa ò gbọdọ̀ wà lórí ibùsùn àìsàn?"

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n sàn. Kí n tó ṣí Bíbélì rárá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn abẹ́ ìrọ̀rí yẹn, ẹ kó o jáde lónìí, kẹ́ ẹ pe dókítà tó ń tọ́jú wọn, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ó ti ṣe díẹ̀ tí wọn ò ti lò ó déédéé. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò lè sọ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ padà, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru téèyàn ò tọ́jú, tí rọpárọsẹ̀ sì ti ṣe ẹni náà rí, ewu ńlá ni, ó lè tún un ṣe. Ó dáa, ìyẹn kúrò ńlẹ̀ ná. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, ìkíní ni pé kí ni ìtàn ìwòsàn ń ṣe nínú Bíbélì, ìkejì ni pé kí ló dé tí màmá ò tíì dìde. Àwọn tó wá kí wọn ló so méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti wọlé. Ìtàn tí wọ́n kọ ká lè mọ ẹni tí Jésù jẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ di kọ́ńgò tí wọ́n fi ń wọn ìgbàgbọ́ aláìsàn bí ẹni ń wọn gàrí, tí ò bá kún, wọ́n á ní kó lọ bù sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀, nígbà tó jẹ́ òun ni wọ́n sọ di pàṣán. Ìtàn náà wà nínú Máàkù orí 5. Èmi fẹ́ràn bí Máàkù ṣe ń sọ̀tàn ju àwọn mẹ́ta tó kù lọ, ó máa ń ki ìtàn kan bọ inú òmíràn, tẹ́ ẹ bá sì ka ọ̀kan láìka ìkejì, ohun tó fẹ́ sọ á bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Jáírù, olórí sínágọ́gù, ló kọ́kọ́ wá, ọmọ ẹ̀ obìnrin ń kú lọ, ó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jésù, Jésù gbà, wọ́n ti mú ọ̀nà pọ̀n, èrò ń fún wọn mọ́ra. Àárín èrò yẹn ni obìnrin kan ti yọ wá látẹ̀yìn. Ó ti tó ọdún 12 tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára ẹ̀, ọmọ Jáírù náà sì jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ìyẹn ni pé nígbà tí ilé olórí sínágọ́gù ń ṣe ìkómọ, ni obìnrin yìí ń wọnú ìyà tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ ka Léfítíkù orí 15, ẹ máa rí i pé ibùsùn tó sùn lé di aláìmọ́, àga tó jókòó lé di aláìmọ́, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan nǹkan wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ fọ aṣọ kó wẹ̀, á sì wà láìmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Fún ọdún 12! Ta ló máa fẹ́ ẹ, ta ló máa bá a jókòó jẹun? Owó ẹ̀ sì ti tán lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn, Máàkù ní dípò kó sàn, ṣe ló ń le sí i.

Ó wá fọwọ́ kan aṣọ, ẹ̀jẹ̀ dá lójú ẹsẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lára. Tó bá jẹ́ pé torí ìwòsàn nìkan ni Máàkù ṣe kọ ìtàn yìí, ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí, torí ara ti yá. Àmọ́ Jésù dúró. Ó ní ta ló fọwọ́ kan aṣọ òun. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní irú ìbéèrè wo nìyí, pẹ̀lú gbogbo èrò tó ń tì yín yìí? Ó ṣì ń wò káàkiri. Ẹ wá fojú inú wo Jáírù níbi tó dúró sí (àwọn oníwàásù wa kì í rántí Jáírù níbí yìí rárá), ọmọ ẹ̀ ń kú lọ nílé, wọ́n dẹ̀ dúró ń béèrè ta ló fọwọ́ kan aṣọ. Obìnrin náà jáde, ó ń gbọ̀n, ó wólẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ohun tí wọ́n ti fi ń lé e fún ọdún 12 ló ń sọ lẹ́nu ara ẹ̀. Jésù wá pè é ní "Ọmọbìnrin". Níṣojú olórí sínágọ́gù, níṣojú ẹni tí ipò ẹ̀ mú kó jẹ́ pé òun ló mọ ẹni tó yẹ kó wọlé àti ẹni tí kò yẹ, ni wọ́n ti pe ẹni tí ò sẹ́ni tó fẹ́ fara kàn ní ọmọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ní ìgbàgbọ́ rẹ ti mú ọ láradá, máa lọ ní àlàáfíà. Ṣé ẹ rí i báyìí pé lẹ́yìn tó ti sàn ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ yẹn, obìnrin tó ń gbọ̀n ni wọ́n sì sọ ọ́ fún kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀. Wọn ò gbé e ka iwájú aláìsàn kankan pé tí ò bá kájú ẹ̀, kó máa lọ sílé. Ẹni tó bá wá mú u lọ ka ìyá tó wà lórí ibùsùn mọ́lẹ̀, òdìkejì ohun tí Jésù fi ṣe ló ń fi ṣe yẹn.

Kò sì tíì tán. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n wá láti ilé Jáírù pé ọmọ ti kú. Jésù sọ fún bàbá pé kó má bẹ̀rù, kó ṣá gbàgbọ́. Wọ́n dé ilé, Jésù fa ọmọ náà lọ́wọ́ dìde, ó rìn, Jésù ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Ìgbàgbọ́ mélòó ni òkú ọmọ ní? Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá dákẹ́.

Torí tẹ́ ẹ bá ka àwọn ìtàn yẹn ní ẹyọ ẹyọ, kò sí òfin kan ṣoṣo nípa ìgbàgbọ́ nínú wọn. Ní Kápánáúmù, Máàkù orí 2, àwọn mẹ́rin ló gbé arọ wá, èrò ò jẹ́ kí wọ́n wọlé, wọ́n gun òrùlé wọ́n dá a lu, ó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ pé ìgbàgbọ́ wọn ni Jésù rí, ìyẹn ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e. Bàbá ọmọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀ nínú Máàkù orí 9 sunkún pé mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́, àdúrà ààbọ̀-ààbọ̀ yẹn náà tó, ọmọ sàn. Ìránṣẹ́ olórí àlùfáà tí wọ́n fi idà gé létí lóru ọjọ́ tí wọ́n wá mú Jésù, ọ̀tá ni, kò gbàgbọ́, kò bẹ̀bẹ̀, Lúùkù ní Jésù fọwọ́ kan etí ẹ̀ ó sì wò ó sàn. Ẹ wá lọ sí Jòhánù orí 5, adágún Bẹtẹsda, tó ní ìloro márùn-ún. Wọ́n ti wa ilẹ̀ ibẹ̀ jáde ní Jerúsálẹ́mù, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì St Anne, ibi gidi ni. Jòhánù ní ọ̀pọ̀ ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, afọ́jú, arọ, àwọn tí ara wọn ti rọ. Jésù wọ àárín wọn, ọkùnrin kan ṣoṣo tó ti ń ṣàìsàn fún ọdún 38 ló bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ò sọ pé òun gbàgbọ́, ẹjọ́ àwọn tó máa ń ṣáájú òun wọnú omi ló ń rò. Lẹ́yìn tó sàn tán, kò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó wo òun sàn. Àwọn tó kù ńkọ́? Jòhánù ò sọ nǹkan kan nípa wọn. Kò sọ pé wọn ò gbàgbọ́, kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn pọ̀. Jésù bá èrò lọ, wọ́n ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń le lẹ́nu mi tí mo bá fẹ́ wàásù ẹ̀, àmọ́ ó wà nínú Bíbélì.

Mo mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n máa jù padà sí yín, Máàkù orí 6, pé ní Násárẹ́tì Jésù ò lè ṣe iṣẹ́ agbára kankan torí àìgbàgbọ́ wọn. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, mi ò ní fọ̀rọ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni àìgbàgbọ́ wà lára wọn? Àwọn ará ìlú tó ń sọ pé ṣebí káfíńtà yìí náà ni, ṣebí ọmọ Màríà ni, tí wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ yẹn kan náà ló ní ó gbé ọwọ́ lé àwọn aláìsàn díẹ̀, ó sì wò wọ́n sàn. Nínú ìlú tí àìgbàgbọ́ ti kún fọ́fọ́ yẹn náà, àwọn aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ò lọ lásán. Nínú Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò tíì rí ibi tí Jésù ti lé aláìsàn kan tó wá bá a padà pé ìgbàgbọ́ ẹ ò tó. Ó bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn wí pé ìgbàgbọ́ wọn kéré, ó bá wọn wí dáadáa, àwọn tó yẹ kó gbàdúrà nìyẹn o, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ náà wà níbẹ̀, torí tí wọ́n bá fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n á mú. Díákónì kan wà tí mo lọ kí nígbà tí kíndìnrín ń dà á láàmú, ó ní káwọn yòókù bọ́ síta, ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ tìmùtìmù, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó lè rántí ló kọ síbẹ̀, èyí tó wà lókè pátápátá ni máńgòrò tó ká nílé tíṣà nígbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n bá òun wo èyí tí òun gbàgbé. Bàbá tó lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún! Bíbélì ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àti àìsàn ò tan rárá, Jésù sọ fún ọkùnrin Bẹtẹsda yẹn pé kó má dẹ́ṣẹ̀ mọ́ kí èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ má bàa bá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í ní Jòhánù orí 9 pé ta ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin yìí ní afọ́jú, òun ni àbí àwọn òbí ẹ̀, ó ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí ẹ̀. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Síláómù wó pa èèyàn 18, ó ní ẹ má rò pé wọ́n dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù ní Jerúsálẹ́mù lọ. Ẹni tó bá wá jókòó ti ibùsùn tó ń fi àìsàn ka ẹ̀ṣẹ̀ onítọ̀hún, ohun tí Jésù ní kí wọ́n má ṣe ló ń ṣe.

Kí wá ni ìtàn yẹn wà fún? Ẹ jẹ́ ká ránti pé láyé ìgbà náà, ẹni tó ń woni sàn ò ṣọ̀wọ́n. Àwọn Gíríìkì ní Asclepius, òrìṣà ìwòsàn, wọ́n á lọ sùn mọ́jú ní ojúbọ ẹ̀ ní Epidaurus kó lè wá bá wọn lójú àlá, ẹ̀rí àwọn tó ní àwọn sàn wà lára òkúta níbẹ̀ títí dòní. Vespasian tó di olú ọba Róòmù náà, Tacitus, òpìtàn ará Róòmù, kọ ọ́ pé nígbà tó wà ní Alexandria ó fi itọ́ sí afọ́jú kan lójú, ó sì ríran. Torí náà tí Ìhìn Rere bá kàn fẹ́ sọ pé Jésù lágbára ìwòsàn, àwọn èèyàn á ní a ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí ìwòsàn yẹn ń kéde. Àìsáyà orí 35 ti sọ pé lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá dé fúnra ẹ̀, ojú afọ́jú á là, arọ á fò bí àgbọ̀nrín. Nígbà tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi wá ránṣẹ́ láti inú ẹ̀wọ̀n pé ṣé ìwọ ni ẹni tó ń bọ̀ àbí ká máa retí ẹlòmíì, Jésù ò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní ẹ lọ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún un, afọ́jú ń ríran, arọ ń rìn, adẹ́tẹ̀ ń di mímọ́, òkú ń jí, òtòṣì ń gbọ́ ìhìn rere. Ìdáhùn náà ni pé ìjọba Ọlọ́run ti wọlé, àwọn tí wọ́n ti tì síta ló kọ́kọ́ ń dé. Àmọ́ Jòhánù ò jáde nínú ẹ̀wọ̀n yẹn o. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ka gbogbo iṣẹ́ ìyanu yẹn fún kú sínú ẹ̀wọ̀n, Jésù kan náà sì ló sọ pé nínú àwọn tí obìnrin bí, kò sí ẹni tó tóbi jù ú lọ.

Máàkù tiẹ̀ ń fi ìtàn ìwòsàn ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ara wọn yá. Ní orí 8, afọ́jú kan wà ní Bẹtisaida tí Jésù fọwọ́ kàn, ó ní òun ń rí àwọn èèyàn, pé wọ́n dà bí igi tó ń rìn, Jésù tún fọwọ́ kàn án kó tó ríran kedere. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì? Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: Pétérù ní ìwọ ni Kristi, ó rí i, àmọ́ bí Jésù ṣe sọ pé òun máa jìyà òun máa kú, Pétérù bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Òun náà ń rí èèyàn bí igi nìyẹn. Látibẹ̀ Jésù sọ̀rọ̀ ikú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé wọn, ìgbà tí wọ́n dé Jẹ́ríkò ní ìparí orí 10, Bátíméù afọ́jú ríran, ó sì tẹ̀ lé e lọ́nà, ọ̀nà Jerúsálẹ́mù, ọ̀nà àgbélébùú. Lójú Máàkù, ẹni tójú ẹ̀ là ni ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ń gba ibi ìyà kọjá tó sì ń bá a lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n á wá sọ pé ó dáa, àpẹẹrẹ lásán ni gbogbo ẹ̀, kò sí ẹni tó sàn. Mi ò sí lára wọn. Àwọn tó kọ ìwé yẹn gbà pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló sàn, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé Ọlọ́run ṣì ń woni sàn. Àmọ́ gbogbo àwọn tí Jésù wò sàn ló padà kú, títí kan Lásárù tó jí. Ìtọ́wò ni, ìjẹun gan-an ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ àjíǹde.

Àwọn ìjọ àkọ́kọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn lẹ́tà méjì tí wọ́n kọ sí Tìmótíù, wọ́n ní kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú ẹ̀ àti àìsàn tó ń ṣe é lemọ́lemọ́, wọn ò ní kó lọ tún ìgbàgbọ́ ẹ̀ ṣe, ó sì wà níbẹ̀ pé Trófímù ni mo fi sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ẹpafrodítù ṣàìsàn títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn ará Fílípì bọlá fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀, tí aṣọ ara ẹ̀ ń wo èèyàn sàn ní Éfésù, bẹ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún inú ara ẹ̀, ohun tó gbọ́ ni pé oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ. Jákọ́bù orí 5 náà, tí gbogbo wa máa ń kà, ẹ tún un kà: ẹni tó ń ṣàìsàn kó pe àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n fi òróró kùn ún, àdúrà ìgbàgbọ́ á gba aláìsàn là. Àdúrà ta ni? Ti àwọn àgbà ìjọ. Tó bá jẹ́ dandan kẹ́nì kan gba ẹ̀bi, ẹ̀bi ò kọ́kọ́ kan màmá yín. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ yẹn mú àwọn àgbà ìjọ rí.

Lórí oògùn, ẹ má bínú sí àwọn tó wá kí màmá jù, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1918 tí àrùn lúkúlúkú (ìyẹn influenza) tó jà káàkiri ayé dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn dókítà ò ní oògùn ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àdúrà bíi ti Ìjẹ̀bú-Òde ló di ibi ìsádi. Nígbà tí ìsọjí oníwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé Òkè-Ọ̀yẹ́ ní Iléṣà ní 1930, ọ̀pọ̀ ló gbà pé omi àti àdúrà tó. Lẹ́yìn náà, àwọn òyìnbó ajíhìnrere tó wá láti ìjọ Apostolic ní Britain ń lo kuníìnì torí ibà, ìjà ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀, ó wà lára ohun tí wọ́n fi pínyà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá wa yẹn, wọ́n gbé Ọlọ́run mú nígbà tí ọsibítù jìnnà tí oògùn sì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n Ìhìn Rere ò bá oníṣègùn jà. Jésù sọ pé aláìsàn ló ń wá oníṣègùn, ará Samáríà da òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́, oníṣègùn olùfẹ́ ni Pọ́ọ̀lù sì pe Lúùkù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ò bá àdúrà du ipò kankan.

Kí lẹ máa ṣe báyìí? Kí ẹ kó màmá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn? Ó ṣeé ṣe, àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ wọn wà, ẹ sì ti rí i nínú ìtàn obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n mú èèyàn padà sáàárín èèyàn jẹ́ ìdajì ìwòsàn. Kí ẹ sọ fún wọn pé Ọlọ́run ò ní wò wọ́n sàn? Ẹ ò ní àṣẹ ẹ̀, èmi náà ò ní. Ìdí tí ẹnì kan fi sàn tí ẹnì kejì ò sàn, Bíbélì ò sọ fún wa, ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, ẹ ṣọ́ra fún un. Ohun tí mo lè gbà yín níyànjú ni pé kẹ́ ẹ ka Máàkù orí 5 fún màmá látòkè délẹ̀, pẹ̀lú Jáírù nínú ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn náà sọ ohun tí wọ́n rí. Kẹ́ ẹ wá lọ bá pásítọ̀ ní kọ̀rọ̀, láìbínú, kẹ́ ẹ sọ fún un pé oògùn ti dé abẹ́ ìrọ̀rí, torí ó lè má mọ̀ rárá. Ẹ ní kí òun àti àwọn àgbà ìjọ wá bí Jákọ́bù ṣe wí. Tí wọ́n bá dé, kí màmá gbé oògùn wọn mì níwájú wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹni tí ò bá lè gbàdúrà fún ẹni tó gbé oògùn mì, ẹ bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kó má wá kí wọn fún ìgbà díẹ̀ ná.